Ẹ Gbé Téèpù Wọ Lábù Fásitì Ìlá

Bí ìjọba bá gbé fásitì wọ ìlú kan nílẹ̀ Yorùbá, kójú tó ṣẹ́, ilẹ̀ á ti gbówó lórí. Onílé á kun ilé ẹ̀ lọ́dà de akẹ́kọ̀ọ́, ọlọ́kadà á wábi dúró sí, ìyá onírẹsì á ti fojú sun igun kan lẹ́bàá géètì. Lẹ́yìn ìyẹn lọ̀rọ̀ iṣẹ́ á wá dé: ta ni wọ́n máa gbà, ọmọ ta ni, agboolé wo ló ti wá? Bó ṣe máa ń rí níbi gbogbo nìyẹn, Ìlá-Ọ̀ràngún ò sì ní ṣàì rí bẹ́ẹ̀, níbi tí ìjọba àpapọ̀ dá fásitì ìmọ̀ ìlera sílẹ̀ sí lọ́dún 2021. Ìlú tó jẹ́ pé kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n ti ń kọ́ tíṣà ló fi ń yangàn tẹ́lẹ̀, òun náà ti kúrò lẹ́gbẹ́ àwọn tó ń wo Ilé-Ifẹ̀ lókèèrè.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí kì í sábà jáde nígbà tí fásitì bá ṣì jẹ́ tuntun, àfìgbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́ tán. Sáyẹ́ǹsì ni wọ́n fi dá fásitì Ìlá sílẹ̀. Nínú àwọn ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì yìí, ta ni wọ́n máa fún láyè? Kì í ṣe ta ni wọ́n máa jẹ́ kó wọlé o. Wíwọlé yàtọ̀, níní àyè nínú ilé yàtọ̀. Àlejò náà ń wọlé.

Báwọn èèyàn bá gbọ́ irú ọ̀rọ̀ báyìí, èsì wọn kì í jìnnà: "Kí lẹ tún ń wí? Ṣebí obìnrin ló kún fásitì báyìí? Ṣebí àwọn ọmọbìnrin náà ló ń gbapò kìn-ín-ní?" Wọn ò parọ́. Ẹni tó bá yọjú sí kíláàsì tí wọ́n ti ń kọ́ nọ́ọ̀sì, á rò pé ilé-ìwé obìnrin lòun ṣìnà dé. Àmọ́ kẹ́ni náà ṣe sùúrù, kó máa gòkè lọ. Kó kúrò ní kíláàsì, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń ṣe másítà, kó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀mọ̀wé, kó wá dé ìdí tábìlì táwọn ọ̀jọ̀gbọ́n jókòó yí ká. Bó ṣe ń gòkè ni gèlè ń dín kù, tí fìlà ń pọ̀ sí i. Tó bá tún wá jẹ́ ẹ̀ka fisíìsì tàbí ti mathimátíìkì, ó lè wá gèlè tì pátápátá.

Àwọn kan á ní ilé ọkọ ló gbé wọn lọ, pé àwọn obìnrin fúnra wọn ni wọn ò fẹ́ wàhálà sáyẹ́ǹsì. Tó bá jẹ́ ilé ọkọ nìkan ni, kí ló wá ń ṣe àwọn tí ilé ọkọ ò gbé lọ, tí wọ́n dúró sídìí iṣẹ́ wọn gbọn-in? Ìtàn kan wà tó dáhùn ìbéèrè yẹn. Kì í ṣe ilẹ̀ Yorùbá ló ti ṣẹlẹ̀, Amẹ́ríkà ni, ní fásitì tí wọ́n ń pè ní MIT. Ẹni tó bá ń ka fásitì sáyẹ́ǹsì tó lórúkọ jù lágbàáyé, tí kò bá ka tibẹ̀ mọ́ ọn, kò tíì kà á dáadáa.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Nancy Hopkins gbaṣẹ́ sí MIT lọ́dún 1973. Iṣẹ́ ìwádìí lórí àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń fa àrùn jẹjẹrẹ ló fi lókìkí. Ó ṣiṣẹ́ títí ó fi di ọ̀jọ̀gbọ́n. Nígbà tó wá yá, ó ní ẹja lòun fẹ́ máa fi ṣèwádìí, ẹja kékeré kan tó nílà lára, tí wọ́n ń pè ní zebrafish. Ẹja ò ṣeé kó sínú dúrọ́ọ̀, táǹkì ló ń gbé, táǹkì sì ń fẹ́ àyè. Ó wá ní kí wọ́n fún òun ní àyè díẹ̀ sí i nínú lábù, ìwọ̀nba ẹsẹ̀ bàtà 200 níbùú òun òòró. Wọn ò fún un. Ó ṣàlàyé fún wọn pé tòun kéré sí tàwọn yòókù, wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀.

Obìnrin yìí ò bá wọn jà. Ó mú téèpù, irú èyí tí télọ̀ àti káfíńtà ń lò. Nígbà tílẹ̀ bá ti ṣú, táwọn èèyàn ti lọ sílé, á máa ti inú lábù kan bọ́ sí òmíràn, á máa wọ̀n ọ́n. Ó wọn tiẹ̀, ó wọn tàwọn ọ̀gá, ó wọn tàwọn ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọṣẹ́, ó sì ń kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ohun tó bá níbẹ̀ rèé: tiẹ̀, òun tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 1,500. Àwọn ọkùnrin tó ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn ní 2,000. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n ọkùnrin tó jẹ́ ẹgbẹ́ ẹ̀ ní 3,000, ó sì ń lọ bẹ́ẹ̀ títí dé 6,000.

Síbẹ̀, ó kọ́kọ́ rò pé òun nìkan ni. Ibi tí wọ́n ti ń rí ọ̀pọ̀ obìnrin mú nìyẹn, kálukú á máa dá rò ó nínú yàrá pé bóyá iṣẹ́ tòun ni kò dáa tó, bóyá ẹnu òun ló mú jù. Lọ́dún 1994, ó fọ̀rọ̀ náà han obìnrin ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ kan, ó bá a pé tìyẹn náà ò yàtọ̀. Ni wọ́n bá ń wá ara wọn kiri. Nígbà tí wọ́n máa ka ara wọn, nínú ẹ̀ka sáyẹ́ǹsì 6 tó wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tí iṣẹ́ wọn ti fìdí múlẹ̀ pátápátá jẹ́ 15, àwọn ọkùnrin jẹ́ 194. Wọ́n jọ kọ̀wé sí díìnì wọn, Robert Birgeneau, pé kó yan ìgbìmọ̀ tó máa wádìí ọ̀rọ̀ náà. Díìnì yìí ò lé wọn. Ó wo nọ́ńbà tí wọ́n kó wá, ó sì yan ìgbìmọ̀. Nígbà tí ìròyìn ìgbìmọ̀ náà jáde lọ́dún 1999, ó hàn pé ọ̀rọ̀ ọ̀hún kọjá àyè lábù, ó dé ìdí owó oṣù, ó dé ìdí ipò, ó dé ìdí ẹni tí wọ́n ń pè sí ìgbìmọ̀ tó lágbára. Ọ̀gá pátápátá fásitì náà, Charles Vest, kọ ọ́ síwájú ìwé ìròyìn ọ̀hún pé òótọ́ lọ̀rọ̀ àwọn obìnrin náà. Kì í ṣe gbogbo ọ̀gá ló máa ń gbà bẹ́ẹ̀, àgàgà ní gbangba.

Ohun tó yẹ kẹ́ni tó bá gbọ́ ìtàn yìí wò dáadáa ni pé kò sí òfin kankan ní MIT tó ní kí wọ́n fún obìnrin ní lábù kékeré. Ẹni tó bá ń wá irú òfin bẹ́ẹ̀ á wá a tì. Díẹ̀díẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀. Wọ́n fún lágbájá ní yàrá kan lọ́dún yìí nítorí pé òun àti olórí ẹ̀ka jọ ń gbá bọ́ọ̀lù, wọ́n fún tàmẹ̀dù ní tábìlì méjì lọ́dún tó ń bọ̀ nítorí pé ó ráhùn. Ẹni tí kò bá wọn gbá bọ́ọ̀lù, tí kò sì fẹ́ kí wọ́n pe òun ní oníjà, ọdún 20 á kọjá lórí ẹ̀, yàrá kan náà ló máa wà. Téèpù nìkan ló lè tú u fó.

Ọ̀rọ̀ yìí ò sì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá àwọn Òyìnbó fínra. Marie Curie gba ẹ̀bùn Nobel ti fisíìsì lọ́dún 1903. Lọ́dún 1911, ó ní òun fẹ́ wọ ẹgbẹ́ àwọn onísáyẹ́ǹsì àgbà ilẹ̀ Faransé, wọ́n dìbò, wọn ò mú un. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n tún fún un ní Nobel kejì, ti kẹ́mísírì. Ìtìjú ìyẹn, ta ló kàn?

Nílé ńkọ́? Lọ́dún 1946, nígbà tí Felicia Adétówùn Ògúnṣẹ̀yẹ wà ní Higher College Yábàá, òun nìkan ni obìnrin tó wà láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ibẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni tó ti jókòó nínú kíláàsì rí ro bó ṣe máa rí. Obìnrin yìí kan náà ló di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n ní Nàìjíríà, ní fásitì Ìbàdàn, lọ́dún 1973, nínú ìmọ̀ láíbìrì. Grace Alele-Williams, ọmọ Wàrí, gba oyè ọ̀mọ̀wé nípa ìkọ́ni mathimátíìkì ní fásitì Chicago lọ́dún 1963, kò sí obìnrin Nàìjíríà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé ṣáájú ẹ̀. Lọ́dún 1985, wọ́n fi í ṣe gíwá fásitì Benin, obìnrin àkọ́kọ́ tó dépò yẹn ní Nàìjíríà. Ibẹ̀ náà ló ti dojú kọ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òkùnkùn tí wọ́n ń da ilé-ìwé rú, èyí tí ọ̀pọ̀ ọkùnrin ò jẹ́ dán wò.

Ti Grace Ọládùnní Taylor ló sún mọ́ àwọn ará Ọ̀ṣun jù. Ẹ̀fọ̀n-Aláayè ní Èkìtì ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1937, àmọ́ Ẹdẹ ló ti kàwé, ní Queen's School, ilé-ìwé àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n gbé lọ sí Ìbàdàn nígbà tó yá. Ó jáde ní Ìbàdàn lọ́dún 1962 pẹ̀lú ìmọ̀ kẹ́mísírì. Ó ṣiṣẹ́ díẹ̀ ní Sàmárù, lẹ́bàá Zaria, ó padà sí Ìbàdàn, ó gboyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1969, ó tún lọ kọ́ ẹ̀kọ́ sí i ní Seattle lọ́hùn-ún l'Amẹ́ríkà. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ló ń wádìí, èyí tó máa ń di iṣan ọkàn, tí èèyàn á fi ṣubú lulẹ̀ láìròtẹ́lẹ̀. Ó fi ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn ilẹ̀ yìí wé tàwọn Òyìnbó, ó sì rí i pé ọ̀rá tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ àwọn ará ibí kéré sí tiwọn. Ẹni tí dókítà bá ti sọ fún pé kó yé jẹ ọ̀rá, kó mọ̀ pé obìnrin yìí wà lára àwọn tó ṣe irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ nílẹ̀ yìí.

Kí ni wọ́n wá fún un? Wọ́n sọ ọ́ di ọ̀jọ̀gbọ́n lọ́dún 1984, ọdún 22 lẹ́yìn tó gba dìgírì àkọ́kọ́. Ó di olórí ẹ̀ka lọ́dún 1991. Lọ́dún 1998, nígbà tí ilé-iṣẹ́ L'Oréal àti àjọ UNESCO ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún àwọn obìnrin onísáyẹ́ǹsì lágbàáyé, òun ni wọ́n mú láti Áfíríkà. Bí wọ́n bá wá dúró lójà Ẹdẹ lónìí, tí wọ́n bi èèyàn mẹ́wàá léèrè pé ta ni Grace Ọládùnní Taylor, ó ṣòro kí ẹyọ kan tó mọ̀ ọ́n. Tó bá jẹ́ òṣèré ni, wọ́n á mọ orúkọ ajá ẹ̀.

Deborah Ajákáyé náà ńkọ́? Jos ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1940. Fisíìsì ló kà n'Ìbàdàn, ó jáde lọ́dún 1962, ó sì di ọ̀jọ̀gbọ́n ní fásitì Ahmadu Bello lọ́dún 1980. Òun ni obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n fisíìsì ní gbogbo Áfíríkà. Iṣẹ́ ẹ̀ ni láti máa wá ohun tó wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, ohun àlùmọ́ọ́nì àti omi, láìtíì gbẹ́ ilẹ̀ rárá. Nǹkan kan sì wà nínú ìtàn ìgbà èwe ẹ̀ tó yẹ kí gbogbo ìyá àti bàbá ilẹ̀ Ìgbómìnà gbọ́: nílé àwọn òbí ẹ̀, lọ́gbọọgba ni wọ́n ń pín iṣẹ́ ilé fún ọkùnrin àti obìnrin. Ọmọkùnrin ń fọ abọ́, ọmọbìnrin ń ráyè kàwé. Ọ̀pọ̀ ilé ló wà lónìí tó jẹ́ pé ọmọ méjèèjì ló ń múra ìdánwò WAEC, àmọ́ bílẹ̀ bá ṣú, ọ̀kan ń kàwé nídìí jẹnẹrétọ̀, ìkejì ń gúnyán fún un. Nígbà tí èsì bá dé, wọ́n á ní ọmọkùnrin yẹn ló lórí sáyẹ́ǹsì.

Nǹkan ti yí padà díẹ̀, irọ́ ò dáa. Francisca Nneka Okeke tó di olórí ẹ̀ka fisíìsì ní fásitì Nsukka lọ́dún 2003, obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ ẹ́ níbẹ̀, gba ẹ̀bùn L'Oréal àti UNESCO yẹn lọ́dún 2013. Lọ́dún 2015, àjọ Elsevier mú obìnrin onísáyẹ́ǹsì márùn-ún láti àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè bọ̀, Nàìjíríà ló ni mẹ́ta nínú wọn, Mọjísọ́lá lorúkọ méjì nínú mẹ́ta ọ̀hún. Láàárín 2021 sí 2022, obìnrin onísáyẹ́ǹsì mẹ́ta di gíwá ní apá ibí yìí: Ìbíyẹmí Ọlátúnjí-Bello ní LASU, Adénìkẹ́ Ọládìjí ní FUTA, Fọláṣadé Ògúnṣọlá ní Unilag. Ọdún 1962 ni wọ́n dá Unilag sílẹ̀, ẹ ṣírò ẹ̀ wò.

Àwọn kan á rí àwọn orúkọ wọ̀nyí, wọ́n á ní ọ̀rọ̀ ti tán nìyẹn. Orí àga gíwá ni wọ́n ń wò. Ọ̀rọ̀ wà ní ìsàlẹ̀, nídìí tábìlì lábù.

Ẹ wo ìpàdé ẹ̀ka kan bó ṣe máa ń rí. Ọkùnrin mẹ́sàn-án jókòó, obìnrin kan wà láàárín wọn, ọ̀mọ̀wé bíi tiwọn. Olórí ẹ̀ka á gbójú sókè: "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ bá wa kọ mínìtì sílẹ̀." Bí ọ̀rọ̀ àlejò tó ń bọ̀ láti Àbújá bá tún yọjú: "Ti oúnjẹ dọwọ́ Mọ̀mí o, ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n ṣe." Gbogbo wọn á rẹ́rìn-ín, òun náà á rẹ́rìn-ín, torí kí ni yóò sọ? Ọ̀wọ̀ ni wọ́n fi ń bọ̀ ọ́ yẹn, wọn ò pè é lórúkọ. Àmọ́ ẹni tó ń kọ mínìtì kì í ráyè sọ̀rọ̀. Ọjọ́ mẹ́ta tó sì fi ń bá àwọn onírẹsì nájà, àwọn tó kù ń fi í kọ ìwé ìwádìí. Nígbà tí ìgbéga bá dé, kò sẹ́ni tó máa bi í léèrè bí jọ̀lọ́ọ̀fù ṣe dùn tó. Ìwé ni wọ́n máa kà.

Ẹ wo kọ́kọ́rọ́ náà. Iṣẹ́ lábù ò mọ aago mẹ́rin. Nǹkan kan lè wà lórí iná tó jẹ́ pé aago mọ́kànlá alẹ́ ló máa jinná, iná ìjọba sì lè má dé títí di mẹ́jọ. Ọkùnrin á tẹ́ kóòtù sórí bẹ́ǹṣì, á sùn síbẹ̀, á ní òun ń jìyà nítorí ìmọ̀, wọ́n á sì yìn ín. Ọmọbìnrin tó ń ṣe másítà ò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà họ́sítẹ́ẹ̀lì ṣókùnkùn, wọ́n á ti géètì, ilé ìyàgbẹ́ tó wà nítòsí lábù kò sì ní kọ́kọ́rọ́ nínú. Bó bá yá, tìẹ á parí lọ́dún mẹ́ta, tiẹ̀ á gba márùn-ún, wọ́n á ní kò yára lọ́wọ́. Gílóòbù méjì lójú ọ̀nà àti ọlọ́dẹ kan tí kì í sùn lè sọ márùn-ún yẹn di mẹ́ta.

Bíbímọ náà wà níbẹ̀. Lọ́dún 2022, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí i pé kí òṣìṣẹ́ wọn tó jẹ́ ọkùnrin náà gba ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ 14 bí ìyàwó ẹ̀ bá bímọ. Nǹkan tó dáa ni. Bóyá ilé ni wọ́n ń lo ọjọ́ 14 ọ̀hún sí, tàbí ibi tí wọ́n ti ń ṣe fàájì pé àwọn bímọ, àwọn ìyàwó wọn ló lè sọ.

Ọ̀kan tún wà tí wọ́n kì í fẹ́ dárúkọ níwájú àlejò, òun sì ni téèpù ò lè wọ̀n. Ìlú Òṣogbo ò tíì gbàgbé ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá ọdún 2018, nígbà tí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ tó wà níbẹ̀ sọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Richard Akíndélé ti fásitì Ifẹ̀ sẹ́wọ̀n ọdún méjì, nítorí ọ̀rọ̀ akẹ́kọ̀ọ́bìnrin tó ní kó bá òun sùn kóun tó fún un ní máàkì. Ẹ̀ka ìṣirò owó ni ọkùnrin náà wà, kì í ṣe sáyẹ́ǹsì. Fásitì ti lé e kẹ́jọ́ tó parí. Ohun tó gbé e dé kóòtù ni pé ọmọbìnrin yẹn gba ohùn ẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, tí gbogbo ayé sì gbọ́ ọ. Ká ní kò sí fóònù ńkọ́? Nínú sáyẹ́ǹsì, ọ̀rọ̀ náà tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí ọ̀gá kan ṣoṣo ló ń darí iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ másítà tàbí ti ọ̀mọ̀wé. Òun ló ní kẹ́míkà, òun ló ní kọ́kọ́rọ́, òun ló máa fọwọ́ sí ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá bínú sí i, ta ló máa fi ìdajì iṣẹ́ ọdún mẹ́rin lé lọ́wọ́? Fásitì tó bá jẹ́ tuntun lè fi òfin dè é láti ìbẹ̀rẹ̀ pé ọ̀gá méjì ló gbọ́dọ̀ máa darí akẹ́kọ̀ọ́ kan, kí ẹni tí wọ́n ń fẹjọ́ sùn má sì wà nínú ẹ̀ka yẹn rárá. Kò ní ná wọn lówó.

Obìnrin nìkan sì kọ́ ló ń dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ọ̀rọ̀ ọmọ onílẹ̀ àti àjòjì ń bọ̀, kò sí fásitì tí kì í bá. Nínú gbígba akẹ́kọ̀ọ́, ìjọba ti ní ìlànà tiẹ̀ fún fásitì àpapọ̀: 45 nínú ọgọ́rùn-ún nípa máàkì, 35 fún ìpínlẹ̀ tó yí fásitì ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ ò tíì fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbẹ̀. Inú àwọn ará Ìlá á dùn sí 35, wọ́n á máa fojú burúkú wo 20. Àmọ́ nípa iṣẹ́ àti ipò, kò sí nọ́ńbà tó dá a dúró, ariwo ló ń dá a. Gbogbo èèyàn ló rí ohun tó ṣẹlẹ̀ nígbà tí wọ́n mú Ọ̀jọ̀gbọ́n Simeon Bamire gẹ́gẹ́ bíi gíwá OAU loṣù Kẹta ọdún 2022. Àwọn kan ní ọmọ Ifẹ̀ ló yẹ kó jẹ ẹ́, àwọn oníṣẹ̀ṣe kó ohun ètùtù lọ sẹ́nu géètì fásitì. Bamire wọlé, ó jókòó. Ẹni tó bá fẹ́ràn Ifẹ̀, ojú ló tì í lọ́jọ́ náà, torí fásitì tí gbogbo ayé ń fi orúkọ ẹ̀ yangàn ò lè jẹ́ ti agboolé kan.

Àwọn ará Ìlá ní láti ro tiwọn báyìí, kó tó di pé ọ̀rọ̀ gíwá dé. Ọ̀jọ̀gbọ́n tó mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ lè jẹ́ ọmọ Makurdi. Ẹni tó mọ̀ nípa oògùn lè jẹ́ Ìgbìrà tàbí ọmọ Nsukka. Bí wọ́n bá sọ fún un ní ìpàdé àkọ́kọ́ pé àga tó jókòó sí, ọmọ ìlú ló ni ín, á bá wọn ṣiṣẹ́ títí tí ibòmíràn á fi pè é. Ìwé ẹ̀rí fásitì ò sì ní dúró de ẹni tó ń bọ̀.

Àwọn tí ara wọn ò pé náà wà níbẹ̀. Òfin tó ní kí wọ́n má ṣe yà wọ́n sọ́tọ̀ ni ààrẹ fọwọ́ sí loṣù Kìn-ín-ní ọdún 2019. Ó fún àwọn ilé ìjọba ní ọdún márùn-ún láti ṣe ọ̀nà tí kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn lè gbà wọlé, ọdún márùn-ún ọ̀hún sì pé lọ́dún 2024. Ilé àtijọ́ lè ní àwáwí pé àtẹ̀gùn ni wọ́n kọ́ òun mọ́. Ilé tí wọ́n ń kọ́ báyìí ò ní. Bẹ́ǹṣì lábù tó bá ga jù, ẹni tó jókòó sórí kẹ̀kẹ́ ò ní rí ohun tó ń dà pọ̀. Ọ̀rọ̀ ìgbà tí káfíńtà ṣì wà níbẹ̀ ni.

Ìbátan Ìlá sì wà nítòsí tó ti ń ṣe nǹkan kan lórí irú ọ̀rọ̀ yìí. Ìlá ní Ọ̀ràngún, Òkè-Ìlá náà ní Ọ̀ràngún tiẹ̀. Ọba Adédọ̀kun Abọ́lárìn, Ọ̀ràngún ti Òkè-Ìlá, dá ilé-ìwé girama kan sílẹ̀ lọ́dún 2014, Abolarin College. Ọmọ tálákà ni wọ́n ń gbà síbẹ̀, láti ìpínlẹ̀ oríṣiríṣi ní Nàìjíríà, tí wọn kì í gbowó ilé-ìwé lọ́wọ́ wọn, ọba fúnra ẹ̀ sì ń wọ kíláàsì kọ́ wọn. Láti Òkè-Ìlá dé Ìlá, ọ̀nà ò jìn, ọlọ́kadà ò ní ba owó ńlá jẹ́ mọ́ èèyàn lára. Bí ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ bá gba fọ́ọ̀mù JAMB, tó kọ Ìlá síbẹ̀, kò ní béèrè ẹni tó jẹ́ gíwá. Á fẹ́ mọ ẹni tí wọ́n ń fi kọ́kọ́rọ́ lábù sí lọ́wọ́, àti aago mélòó ni wọ́n ń ti géètì họ́sítẹ́ẹ̀lì.